Ọ̀rá ikùn ìyá mi, ṣé ó lè di kèrékèré orúnkún?

Ọmọ Aláṣọ Òfì béèrè:

Ìyá mi ti pé ẹni ọdún 68. Ó ti tó ọdún mẹ́fà tí orúnkún rẹ̀ méjèèjì ti ń dùn ún. Tó bá fẹ́ dìde lórí àga, ó máa kọ́kọ́ ké "yéè" kó tó gbéra. Wọ́n ya fọ́tò egungun, wọ́n ní kèrékèré tó wà láàárín ti jẹ lọ. Ilé ìwòsàn kan wá ní àwọn á fa ọ̀rá níkùn rẹ̀, àwọn á yọ "stem cell" tó wà nínú rẹ̀, àwọn á gún un sí orúnkún lọ́jọ́ kan náà, yóò sì di kèrékèré tuntun. Mílíọ̀nù mẹ́ta àbọ̀ náírà. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní ká ta ilẹ̀ Ṣàgámù. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní yahoo ni gbogbo wọn. Èmi wà láàárín àwọn méjèèjì. Ṣé ọ̀rá lè di nǹkan mìíràn lóòótọ́, àbí wọ́n fẹ́ jẹ wá run?

* * *

Ẹ̀gbọ́n rẹ ọkùnrin gbọ́ òótọ́ kan, ó gba irọ́ méjì mọ́ ọn. Ẹ̀gbọ́n rẹ obìnrin rí irọ́ náà, ó sì da tòun tòótọ́ nù.

Ọdún kọkànlá rèé tí mo ti ń tọ́jú sẹ́ẹ̀lì ọ̀rá nínú láàbù kan ní Ìlú Ọba níbí. Èmi kì í ṣe dókítà o. Èmi ni mo ń pààrọ̀ oúnjẹ wọn ní Mọ́ńdè, Wẹ́sìdeè àti Fúráìdeè, èmi náà ni inú mi máa ń bàjẹ́ tí ìgò kan bá hu olú.

Ọ̀rá kì í ṣe òróró lásán. Láàárín àwọn sẹ́ẹ̀lì ńlá tó gbé òróró mì, iṣan ẹ̀jẹ̀ tín-ín-rín wà níbẹ̀, àwọn sẹ́ẹ̀lì kéékèèké kan náà sì wà tí kò tíì yan iṣẹ́. Àwọn ni wọ́n ń pè ní "stem cell". Ẹ jẹ́ kí n pè wọ́n ní ọmọ iṣẹ́ tí kò tíì gba fírídọ̀ọ̀mù. Martin Rodbell ló fi ọ̀nà tí à ń gbà tú ọ̀rá ká hàn ní 1964. Ọ̀rá eku ló lò. Ó fi ẹ́ńsáìmù kan tí wọ́n ń pè ní collagenase jẹ okùn tó so ọ̀rá pọ̀, ó sì fi ẹ̀rọ yí i kíkankíkan. Sẹ́ẹ̀lì olóròóró léfòó, ìyókù sì rọ̀ sísàlẹ̀ bí ìgbà tí ògì bá sílẹ̀ nínú omi rẹ̀. Èyí tó léfòó ni Rodbell ń wá. Èyí tó wà nísàlẹ̀ ni gbogbo ariwo òde òní dá lé.

Ní 2001, Patricia Zuk àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní UCLA, Los Angeles, gba ọ̀rá tí wọ́n fà lára àwọn aláìsàn, èyí tí à bá dà sí ààtàn, wọ́n gbin sẹ́ẹ̀lì inú rẹ̀, wọ́n sì ń fún wọn ní oríṣiríṣi oúnjẹ. Oúnjẹ kan, wọ́n di ọ̀rá. Oúnjẹ mìíràn, wọ́n di bí egungun. Òmíràn, bíi kèrékèré. Òmíràn, bí iṣan ẹran ara. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, wọ́n tún un ṣe pẹ̀lú àwọn sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n jẹ́ ọmọ ìyá kan ṣoṣo, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé ńṣe ni oríṣiríṣi sẹ́ẹ̀lì kàn dàpọ̀ nínú ìgò.

Nítorí náà, bẹ́ẹ̀ ni, ó lè di egungun. Nínú abọ́. Ẹ rántí abọ́ yẹn, mo máa padà sórí rẹ̀.

* * *

Akin Ẹlẹ́ja, ọ̀kan nínú àwọn tó ń ka ọ̀rọ̀ yìí, bi mí pé: "Ta ló mọ̀ pé ó di egungun? Ṣé ẹ gé e jẹ ni?"

Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ìbéèrè gidi ni. Àwọ̀ là ń wò. Tí a bá fẹ́ kí ọmọ iṣẹ́ yìí kọ́ iṣẹ́ egungun, a ó fún un ní oògùn kan tó ń jẹ́ dexamethasone, fítámì C, àti èròjà kan tó ní phosphate nínú, fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Lẹ́yìn náà la ó da àwọ̀ pupa kan tí wọ́n ń pè ní Alizarin Red sí i. Tí kálíṣíọ̀mù bá wà níbẹ̀, ìsàlẹ̀ abọ́ á pọ́n bí ẹni pé wọ́n fi osùn kùn ún. Ti ọ̀rá, Oil Red O là ń lò. Èèyàn á rí ẹ̀kán òróró pupa nínú sẹ́ẹ̀lì, bí epo tó léfòó lójú ọbẹ̀. Ti kèrékèré ló le jù. Kò gbà kí wọ́n tẹ́ òun sílẹ̀ pẹrẹsẹ. Àfi ká kó sẹ́ẹ̀lì bí 250,000 jọ sí ìdí túùbù kí wọ́n di kókó kan, ká fún wọn ní TGF-beta, èròjà tó ń sọ fún wọn pé kí wọ́n di kèrékèré, ká sì máa gbàdúrà. Sẹ́ẹ̀lì ọ̀rá kò sì mọ iṣẹ́ kèrékèré tó ti inú mùdùnmúdùn egungun. Ìyá tìẹ, kèrékèré ni wọ́n ṣèlérí fún un, ìyẹn gan-an ni iṣẹ́ tí kò rọ̀ wọ́n lọ́rùn.

Lọ́dún tí mo bẹ̀rẹ̀, abọ́ tèmi pọ́n ju ti gbogbo èèyàn lọ. Mo ti ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sílé. Ọ̀gá mi gbé e sábẹ́ maikirosíkóòpù, ó wò ó títí, ó ní, "Òkú ni gbogbo àwọn wọ̀nyí." Phosphate tí mo fi sí i ti pọ̀ jù. Sẹ́ẹ̀lì ti kú, kálíṣíọ̀mù sì lẹ̀ mọ́ òkú wọn. Àwọ̀ pupa yẹn kò mọ egungun yàtọ̀ sí ibojì. Láti ọjọ́ náà, tí ẹnikẹ́ni bá fi fọ́tò abọ́ pupa hàn mí, ohun tí mo kọ́kọ́ máa ń béèrè ni pé: ṣé wọ́n ṣì wà láàyè?

Irú nǹkan báwọ̀nyí ló mú kí ISCT, ẹgbẹ́ àgbáyé àwọn onímọ̀ ìtọ́jú sẹ́ẹ̀lì, gbé ìlànà kalẹ̀ ní 2006. Kí sẹ́ẹ̀lì lẹ̀ mọ́ abọ́ ike. Kí ó ní àmì CD73, CD90 àti CD105 lára, kí ó má ní àmì ti sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ bíi CD45. Kí ó sì lè di ọ̀rá, egungun àti kèrékèré nínú abọ́. Ó dára bẹ́ẹ̀, àmọ́ àwọn sẹ́ẹ̀lì abẹ́ awọ lásán náà máa ń lẹ̀ mọ́ ike, wọ́n sì ní àmì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yẹn. Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tínú ń run.

Iṣẹ́ kan wà tí mo fẹ́ràn lórí ọ̀rọ̀ yìí. Farshid Guilak àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Duke, Amẹ́ríkà, mú sẹ́ẹ̀lì ọ̀rá lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n jẹ́ kí kálukú bí ìdílé tirẹ̀, ìdílé 45, wọ́n wá dán wọn wò. Èsì rẹ̀ jáde ní 2006. 81% nínú àwọn ìdílé náà kọ́ ó kéré tán iṣẹ́ kan. 52% ló kọ́ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyẹn ni pé nínú ìgò kan náà, akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ wà, aláàbọ̀ ẹ̀kọ́ wà, ẹni tí kò kọ́ nǹkan kan náà wà. Èyí tí wọ́n ti gbìn dáadáa nìyẹn o. Èyí tí wọ́n fẹ́ fún ìyá rẹ lọ́jọ́ kan náà, wọn ò tíì gbìn ín, wọn ò tíì ṣà á. Sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀, sẹ́ẹ̀lì ara iṣan ẹ̀jẹ̀, sẹ́ẹ̀lì tó ń bá kòkòrò jà, gbogbo wọn ló wà nínú rẹ̀ pọ̀ mọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ díẹ̀.

* * *

Mọ̀mí Táyé, ẹ̀yin tẹ́ ẹ béèrè bóyá ọ̀rá yìí lè wo ọmọ yín tó ní fòníkú-fọ̀ladìde sàn: rárá, mà. Mi ò fẹ́ kí ẹ fi alẹ́ kan ṣoṣo gbà á gbọ́.

Sẹ́ẹ̀lì tó ń bí ẹ̀jẹ̀ wà nínú mùdùnmúdùn egungun, wọ́n sì yàtọ̀ pátápátá sí àwọn tí à ń sọ yìí. Èyí tí wọ́n ṣe fún ọmọ kan ní ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ Yunifásítì Benin, UBTH, ní 2011, sẹ́ẹ̀lì tó ń bí ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n lò. Ìtọ́jú yẹn wà, ó wọ́n, ó léwu, ó sì ń wo àwọn kan sàn. Ṣùgbọ́n "stem cell" méjì kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà nítorí pé wọ́n jọ ń jẹ́ orúkọ kan. Ọmọ iṣẹ́ ni télọ̀, ọmọ iṣẹ́ ni mekáníìkì. Ẹ ò ní gbé mọ́tò lọ bá télọ̀.

Ẹni tó kọ̀wé sí mi ní kọ̀rọ̀ nípa bàbá rẹ̀ tí rọpárọsẹ̀ mú, mo máa dá a lóhùn níbí kí gbogbo wa lè gbọ́. Ní 2000, àwọn kan ní Amẹ́ríkà kéde pé sẹ́ẹ̀lì mùdùnmúdùn di sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ láàárín wákàtí mélòó kan. Kò pẹ́ tí wọ́n fi ń sọ bẹ́ẹ̀ nípa ti ọ̀rá náà. Wọ́n ya fọ́tò: ara sẹ́ẹ̀lì kó jọ, ó yọ ẹ̀ka tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́ bí ti iṣan ọpọlọ. Ní 2004, Paul Lu àti Mark Tuszynski ní San Diego jókòó tì í, wọ́n wò ó bó ṣe ń ṣẹlẹ̀. Kò sí ẹ̀ka kankan tó ń hù. Ńṣe ni sẹ́ẹ̀lì ń sún kì nítorí oró kẹ́míkà, ohun tó ṣẹ́ kù sílẹ̀ nígbà tó ń fà sẹ́yìn ló dà bí ẹ̀ka. Wọ́n gbé kẹ́míkà yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n lo ọṣẹ, wọ́n lo iyọ̀ tó pọ̀ jù, ohun kan náà ló ṣẹlẹ̀. Ọṣẹ!

Èmi náà ti "ṣẹ̀dá ọpọlọ" rí, lọ́jọ́ tí mo gbàgbé abọ́ síta láti aago méjìlá títí di ìrọ̀lẹ́.

Mi ò sọ pé kò sí ìrètí fún ẹ̀yìn tó ṣẹ́. Mayo Clinic, ilé ìwòsàn kan ní Amẹ́ríkà, gún sẹ́ẹ̀lì ọ̀rá tí wọ́n ti gbìn, 100 mílíọ̀nù, sínú omi tó yí ọ̀pá ẹ̀yìn ká fún èèyàn mẹ́wàá tí ọ̀pá ẹ̀yìn wọn ti bàjẹ́, wọ́n sì kéde ní 2024 pé méje nínú wọn sún síwájú lórí òṣùwọ̀n ìmọ̀lára àti ìrìn. Ó dùn mọ́ mi. Ṣùgbọ́n mẹ́wàá ni wọ́n, kò sì sí ẹni tí wọ́n fi wé wọn. Àwọn tó ṣe é gan-an kò sì sọ pé sẹ́ẹ̀lì náà di iṣan.

* * *

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fi páálí "stem cell oníyẹ̀fun" ránṣẹ́ sí mi láti WhatsApp, ẹ fi mí sílẹ̀. Èyí tí wọ́n yọ lára ápù, sẹ́ẹ̀lì igi ni. Ẹ pò ó mọ́ omi, ẹ mu ún, ikùn á dà á bó ṣe ń da ẹ̀fọ́. Nọ́ńbà NAFDAC tó wà lára rẹ̀ kò sọ pé ó ń wo nǹkan kan sàn. Ẹ yí páálí náà sẹ́yìn, ẹ ka ọ̀rọ̀ tín-ín-rín tó wà níbẹ̀.

* * *

Olóògùn Houston bá mi jà. Ó ní mo ń pa ìrètí àwọn èèyàn, pé òun fúnra òun ti rí aláìsàn tí ara rẹ̀ yá, pé "kí lẹ fẹ́ fi ṣe, ṣé kí wọ́n di egungun níwájú yín ni?"

Ọ̀gá, ibi tí mo fẹ́ ká dé gan-an lẹ dé yẹn. Ara aláìsàn lè yá kí sẹ́ẹ̀lì má di ohunkóhun.

Arnold Caplan ti Cleveland ló fún wọn lórúkọ mesenchymal stem cell ní 1991. Òun fúnra rẹ̀ ló padà kọ̀wé ní 2017 pé ẹ jẹ́ ká yí orúkọ náà padà, ó ti ń ṣi àwọn èèyàn lọ́nà. Púpọ̀ nínú àwọn sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n bá gún séèyàn lára kì í pẹ́ níbẹ̀. Tí wọ́n bá gbà wọ́n sí iṣan ẹ̀jẹ̀, ẹ̀dọ̀fóró ni ọ̀pọ̀ wọn ń há sí. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó lọ, wọ́n á tú oríṣiríṣi iṣẹ́ jẹ́ síta: wọ́n á pẹ̀tù sí wíwú, wọ́n á ké sí iṣan ẹ̀jẹ̀ tuntun, wọ́n á jí àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. A rò pé bíríkìlà la gbà síṣẹ́. Alága àdúgbò ló wá. Kò gbé búlọ́ọ̀kù kan, ó kàn pe àwọn bíríkìlà ládùúgbò jáde, ó sì parí ìjà àárín wọn.

Oògùn tó fẹsẹ̀ òfin múlẹ̀ jù nínú gbogbo sẹ́ẹ̀lì ọ̀rá ní Yúróòpù, Alofisel, orí ìpẹ̀tù yìí ni wọ́n gbé e kà. Àwọn tó ní àrùn Crohn, àrùn tó ń mú ìfun wú, tí ihò ti là láti ìfun jáde sí ẹ̀gbẹ́ ìdí, ni wọ́n ń gún un fún, 120 mílíọ̀nù sẹ́ẹ̀lì tó ti ara ẹlòmíràn wá. Àyẹ̀wò kìíní, èèyàn 212: lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 24, bí 50% lára àwọn tó gba sẹ́ẹ̀lì ló jìnnà, 34% lára àwọn tó gba omi lásán. Ní 2018 wọ́n fún un ní ìwé àṣẹ. Inú láàbù wa dùn, a ra kéèkì. Àyẹ̀wò kejì wá tóbi jù, èèyàn 568. Èsì dé ní 2023: 48.8% sí 46.3%. Ẹ wo ìyàtọ̀ yẹn! Ní òpin 2024, ilé iṣẹ́ náà yọ oògùn ọ̀hún kúrò lórí àtẹ ní Yúróòpù. Kì í ṣe pé sẹ́ẹ̀lì kò ṣe nǹkan kan. Àwọn tó gba omi lásán, tí wọ́n tún ihò wọn ṣe dáadáa kí wọ́n tó gún wọn, àwọn náà jìnnà.

Àbúrò mi kan níbí wá fi ìtàn ọmọbìnrin Jámánì gbá mi lójú, ó sì tọ́. Ní Giessen, 2004: ọmọ ọdún méje tí egungun orí rẹ̀ ti bàjẹ́, wọ́n fi sẹ́ẹ̀lì ọ̀rá tirẹ̀ dí i, egungun sì hù. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n wọ́n tún lọ egungun ìbàdí rẹ̀ sí i. Èwo ló hù nínú méjèèjì? Ní Finland, èsì rẹ̀ jáde ní 2009, wọ́n kó sẹ́ẹ̀lì ọ̀rá ọkùnrin kan, ẹni ọdún 65, pọ̀ mọ́ hóró kálíṣíọ̀mù àti èròjà kan tó ń jẹ́ BMP-2 sínú àgò titanium, wọ́n tẹ̀ ẹ́ bọ inú iṣan ikùn rẹ̀ fún oṣù mẹ́jọ, wọ́n wá gbé egungun tó hù níbẹ̀ lọ dí párì òkè rẹ̀. Mo máa ń sọ ìtàn yẹn níbi àríyá, nítorí iṣẹ́ ọpọlọ ni. Ṣùgbọ́n BMP-2 nìkan lè mú egungun hù. Èèyàn kan ṣoṣo, láìsí ẹnì kejì tí wọ́n fún ní gbogbo rẹ̀ láìfi sẹ́ẹ̀lì sí i, a ò lè mọ ẹni tó ṣiṣẹ́ àti ẹni tó kàn wá síbi ìwúyè.

Èyí tí mo gbà fún Olóògùn Houston láìjanpata ni ti Denmark. Ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2013. Èèyàn mẹ́wàá tí ara wọn le, wọ́n gbin ọ̀rá sí apá wọn méjèèjì. Wọ́n fi sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ti gbìn kún ti apá kan, wọn ò fi kún ti èkejì. Lẹ́yìn nǹkan bí oṣù mẹ́rin, 80.9% ọ̀rá ṣẹ́ kù níbi tí wọ́n ti fi sẹ́ẹ̀lì sí i, 16.3% níbi tí wọn ò ti fi sí i. Ara kan náà, apá ọ̀tún àti apá òsì. Èyí dán. Ẹ sì kíyè sí ohun tí wọ́n ní kó ṣe: ọ̀rá ni, láàárín ọ̀rá. Kò sí bí a ṣe se ebòlò tí kò ní rùn ìgbẹ́. Iṣẹ́ ilé baba rẹ̀ ni sẹ́ẹ̀lì yìí mọ̀ jù.

(Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń béèrè nípa BBL nísàlẹ̀, iṣẹ́ abẹ tí wọ́n fi ń mú ìdí tóbi, ìyẹn kì í ṣe èyí. Ọ̀rá lásán ni wọ́n ń gbé kiri níbẹ̀, bí ó bá sì ṣèèṣì wọ iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá ó lè pààyàn. Ẹ ṣí ojú ìwé tuntun fún un.)

* * *

Aunty Bísí ní: "Ṣebí ọ̀rá ara ẹni ni. Kí ni ọ̀rá ara mi lè fi mí ṣe?"

Gbólóhùn yẹn ni mo ń gbọ́ jù, òun sì ni mo bẹ̀rù jù.

Ní 2015, ní Florida, àwọn obìnrin mẹ́ta, ẹni ọdún 72 sí 88, tí ojú wọn ń ṣú nítorí ogbó, lọ sí ilé ìwòsàn kan. Kálukú san $5,000. Wọ́n fa ọ̀rá níkùn wọn, wọ́n pò ó, wọ́n sì gún un sínú ẹyinjú méjèèjì lọ́jọ́ kan náà. Méjèèjì o. Oníṣègùn ojú gidi kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ó máa ṣe ọ̀kan kó tó wo èkejì. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, ẹ̀jẹ̀ dà sínú ojú, awọ tó ń gba àwòrán lẹ́yìn ẹyinjú ṣí. Àwọn tó ṣì ń ríran wọ ibẹ̀, tí wọ́n sì fọ́ lójú tàbí kó kù díẹ̀ kí wọ́n fọ́. New England Journal of Medicine tẹ ìtàn wọn jáde ní 2017. Ohun tó tún dùn mí ni pé wọ́n ti kọ orúkọ ìtọ́jú náà sínú ìwé ìjọba Amẹ́ríkà tí wọ́n ń kọ ìwádìí sí, ibẹ̀ ni àwọn kan nínú wọn ti rí i. Wọ́n rò pé ìwádìí ni. Ìwádìí wo ló ń gba owó lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n ń fi dánra wò?

Ẹ jẹ́ kí n so ó mọ́ ohun tí à ń sọ. Ọ̀kan nínú ohun tí àwọn dókítà fura sí ni pé sẹ́ẹ̀lì náà di nǹkan nínú ojú lóòótọ́. Ó di irú sẹ́ẹ̀lì tó ń hun àpá, tó ń fún nǹkan pọ̀, ó wá ń fa awọ ẹ̀yìn ojú títí tó fi ṣí. Agbára àtidi nǹkan tí wọ́n ń polówó yẹn, sẹ́ẹ̀lì kò mọ ohun tí ẹ fẹ́ kó dì. Ibi tó bá bá ara rẹ̀ ló ń gbọ́ràn sí lẹ́nu. Nínú abọ́, èmi ni mo ń bá a sọ̀rọ̀, oúnjẹ kan ṣoṣo fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Nínú ojú tó ti ṣàìsàn, ta ló ń bá a sọ̀rọ̀? Nínú orúnkún tó ti wú?

Ilé ẹjọ́ náà ti bá wọn fà á. Àwọn ilé ìwòsàn ní ara aláìsàn ló ti wá, ara rẹ̀ ló padà sí, iṣẹ́ abẹ lásán ni. Ìjọba Amẹ́ríkà ní ẹ ti fi ẹ́ńsáìmù tú u ká, ẹ ti lò ó fún ohun tí ọ̀rá kì í ṣe, nítorí náà oògùn ni, ẹ lọ gbàwé àṣẹ. Ní Florida ìjọba jàre ní 2019, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn sì fara mọ́ ọn ní 2021. Ní California adájọ́ kan dá àwọn ilé ìwòsàn láre ní 2022, wọ́n sì dojú ìdájọ́ yẹn bolẹ̀ ní 2024. Ìjọba ni mo bá lọ. Ọ̀rá ikùn kò ní ohun tó ń ṣe nínú ojú.

* * *

Ọmọ Aláṣọ Òfì padà wá: "Ẹ̀gbọ́n, gbogbo rẹ̀ ti yé mi, ṣùgbọ́n orúnkún ìyá mi ni mo béèrè."

Ò ń bínú, o jàre.

Ẹnì kan ti ṣe ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe fún ìyá rẹ gan-an, ó sì kà á. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n pín àwọn tí orúnkún ń dùn sí ọ̀nà: àwọn kan gba ohun tí wọ́n fà láti inú mùdùnmúdùn ara wọn, àwọn kan gba sẹ́ẹ̀lì ọ̀rá ara wọn lọ́jọ́ kan náà, àwọn kan gba sẹ́ẹ̀lì okùn ìwọ́ ọmọ tuntun, wọ́n sì fi wé àwọn tó gba abẹ́rẹ́ steroid, oògùn tó ń pẹ̀tù sí wíwú, èyí tí kò wọ́n. Èèyàn 475 ni wọ́n kà. Nature Medicine tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2023. Lẹ́yìn ọdún kan, ìrora dín kù fún gbogbo wọn. Kò sí sẹ́ẹ̀lì kankan tó ju steroid lọ.

Gbogbo wọn ní ara wọn yá. Ìyẹn ni ẹ̀rí tí ilé ìwòsàn náà máa fi hàn yín, fídíò màmá tó ń jó. Màmá náà ò purọ́. Ẹni tó gba steroid náà ìbá jó.

Tí ẹ bá ṣì fẹ́ lọ, ẹ bi wọ́n léèrè kí ẹ tó ta ilẹ̀: sẹ́ẹ̀lì mélòó ni ẹ máa gún sí i, báwo lẹ sì ṣe kà á? Mélòó nínú wọn ló wà láàyè? Ẹ ti dán an wò bóyá kòkòrò wà nínú rẹ̀? (Àyẹ̀wò kòkòrò gidi ń gba ọjọ́ púpọ̀. "Ọjọ́ kan náà" túmọ̀ sí pé èsì á dé lẹ́yìn tí abẹ́rẹ́ ti wọlé.) Ẹ ní MRI orúnkún kan, ti ìṣáájú àti ti ọdún kan lẹ́yìn, tó fi kèrékèré tuntun hàn? Tí wọ́n bá ní "ó máa di kèrékèré," ẹ ní kí wọ́n kọ gbólóhùn yẹn sórí ìwé, kí wọ́n fọwọ́ sí i. Mo ti fún èèyàn mẹ́rin ní ìmọ̀ràn yìí. Kò sí ẹni tí wọ́n kọ ọ́ fún.

Ní ti ìyá rẹ, ẹ wá físíò tó mọṣẹ́, kí iṣan itan rẹ̀ le. Tí ó bá sanra, kílò márùn-ún tó bá kúrò lára rẹ̀, orúnkún á mọ̀ ọ́n lára. Ẹ béèrè nípa abẹ́rẹ́ steroid. Tí gbogbo ìyẹn bá kùnà, owó ilẹ̀ Ṣàgámù kò ní ṣòfò bí ẹ bá tọ́jú rẹ̀ de iṣẹ́ abẹ tí wọ́n fi ń pààrọ̀ orúnkún. Ìyẹn, a mọ ohun tó ń ṣe.

* * *

Ìbéèrè tó kẹ́yìn tó wọlé: wọ́n ní kí ìyá náà fi ọ̀rá rẹ̀ pamọ́ sí "báńkì" di ìgbà tí ìmọ̀ bá gòkè sí i, owó ọdọọdún.

Sẹ́ẹ̀lì lè sùn nínú nitrogen olómi ní ìwọ̀n -196°C fún ọdún púpọ̀, kó sì jí. Mo ń jí wọn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ṣùgbọ́n nitrogen ń fẹ́ lọ lójoojúmọ́, ẹnì kan gbọ́dọ̀ máa bu òmíràn sí i. Ní láàbù tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, nígbà ọlidé Kérésì, kálukú rò pé ẹnì kejì ló máa bu ú. A dé ní oṣù kìíní, a ṣí tánkì, ó gbẹ táútáú. Sẹ́ẹ̀lì aláìsàn ogójì àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. A fọ ike rẹ̀, a kó o dà nù.

Tí wọ́n bá mú yín lọ wo tánkì wọn, ẹ má béèrè iye tí wọ́n rà á. Ẹ béèrè orúkọ ẹni tó ń wọn nitrogen rẹ̀ lọ́jọ́ Sọ́ńdè, kí ẹ sì ní kí wọ́n fi ìwé tó ń kọ ọ́ sí hàn yín.